Mo ti di ọmọ Kánádà. Ṣé mo ṣì lè ra ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́?

Ẹ lè rà á. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, pásípọ́ọ̀tù Kánádà kò gba ìyẹn lọ́wọ́ yín. Abala 28 òfin ìpìlẹ̀ 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Abala 43 sì fún ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilẹ̀ níbikíbi, ì báà máa gbé òkè òkun. Bí ọkọ yín bá jẹ́ òyìnbó tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀: àfi kí gómìnà Èkó fọwọ́ sí i, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà kò sì ní ju ọdún 25 lọ.

Ẹni tí ẹ máa rán gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fowó ránṣẹ́ láti Tòróńtò, àbúrò wa forúkọ ara rẹ̀ gba rìsíìtì! Orúkọ tiyín ni kó wà lórí rìsíìtì àti ìwé sọ́fè, ìyẹn ìwé tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn.