Kànga ẹ̀yìn ọ̀dọ̀ oníbátìrì: ṣé omi wúrà lè fi òjé hàn?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbátìrì kan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa. Ó máa ń tú bátìrì mọ́tò tó ti kú, ilẹ̀ ló sì ń da ásíìdì inú rẹ̀ sí. Kànga wa ò jìnnà síbẹ̀, òun la fi ń se oúnjẹ, òun làwọn ọmọ-ọmọ mi ń mu. Omi náà pọ́n díẹ̀, ó sì ń ta irin-irin lẹ́nu. Ọmọ mi tó wà ní LAUTECH ní omi wúrà kan wà tó ń yí àwọ̀ padà bí òjé bá wà nínú omi. Ṣé òótọ́ ni? Níbo ni mo ti lè rí i rà? Àbí kí n máa se omi náà, kí n fi álọ́ọ̀mù sí i? – Ìyá Ìbejì, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÈSÌ: Màmá, ẹ kú àmójútó ilé. Kí n tó sọ ti wúrà rárá: láti òní lọ, ẹ má fi omi kànga yẹn fún àwọn ọmọ mu mọ́, ẹ má sì fi po ògì wọn. Ẹ wá omi mìíràn títí èsì àyẹ̀wò á fi jáde. Sísè kò ràn án. Omi ló ń fà, òjé kì í bá a lọ, ṣe ló máa ki sí i nínú èyí tó ṣẹ́kù. Álọ́ọ̀mù ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e fún òjé tó ti yọ́ sínú omi.

Pípọ́n tí omi yín ń pọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin inú ilẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Òjé kì í rùn, kì í ta lẹ́nu, omi tó mọ́ gaara lè gbé e. Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan (gíráàmù kan tí a pín sọ́nà mílíọ̀nù kan ni máíkírógíráàmù). Tí ẹ bá kó táńkà 10 jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 10,000, gíráàmù kan péré òjé tó bá yọ́ sínú gbogbo rẹ̀ ti gbé e dé òdiwọ̀n yẹn. Bátìrì mọ́tò kan ṣoṣo sì ní òjé tó ju kílò 5 lọ. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù. Lọ́dún 2010 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Ẹ dákun, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀.

Ọmọ yín kò parọ́. Wúrà tí a bá sọ di ẹ̀rún tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi nanómítà 13 lọ (mítà kan tí a pín sọ́nà bílíọ̀nù kan ni nanómítà) kì í ní àwọ̀ tí ẹ mọ̀ mọ́ yẹtí mọ́. Nínú omi, ṣe ló ń pọ́n bíi sobo, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹ̀rún náà bá jìnnà síra. A ó wá fi kẹ́míkà tó máa ń di òjé mú bò wọ́n lára. Glutathione jẹ́ ọ̀kan. Bí òjé bá dé, á so ẹ̀rún kan mọ́ èkejì, wọ́n á ṣù pọ̀, pupa á di àlùkò, á di búlúù lójú yín. Ní LAUTECH níbẹ̀, àwọn olùwádìí ti fi èèpo obì, èèpo kòkó àti òwú aláǹtakùn ṣe ẹ̀rún fàdákà tó kéré bẹ́ẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa.

Ṣùgbọ́n ásíìdì àti iyọ̀ náà lè mú kí ẹ̀rún wúrà ṣù pọ̀ láìsí òjé kankan, kànga yín sì súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń da ásíìdì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òjé á wà, àmọ́ á kéré débi pé ojú lásán kò ní rí ìyàtọ̀ àwọ̀. Ní yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń kọ́kọ́ kán omi wúrà yìí sí omi tí a mọ̀ pé kò ní òjé, a tún kán an sí èyí tí àwa fúnra wa fi òjé sí, kó tó kan omi oníbàárà. Ẹni tó bá ń gbé ìgò pupa kiri ọjà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ má rà á.

Ẹ ní kí ọmọ yín wá ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ AAS (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn òjé àti irú rẹ̀ nínú omi) yẹ omi wò, òun ló ń sọ iye òjé gan-an. Ìgò tiwọn ni kí ẹ gbà, torí wọ́n máa ń kán náítíríìkì ásíìdì sínú rẹ̀ kí òjé má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ẹ má ṣàn án, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ dárúkọ òjé fún wọn, torí “ẹ bá mi yẹ omi wò” lásán lè jẹ́ kí wọ́n wo kòkòrò nìkan.

Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bá oníbátìrì sọ̀rọ̀, kí àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò bá yín dá sí i. Erùpẹ̀ ibẹ̀ náà léwu fún ọmọ tó ń ṣeré tó ń fọwọ́ sẹ́nu. Ẹ gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Bí ẹ bá sì ń lé tìróò fún wọn, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí, torí òjé ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí a ń tà lọ́jà, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ti ń lé e.