Ṣé títo ọ̀pá ẹ̀yìn lè gba agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ìpalára?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 sí 17 ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Láàárín oṣù méjì péré, iṣan ẹ̀yìn itan ti já mọ́ mẹ́ta nínú wọn lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sáré. Bàbá ọ̀kan nínú wọn wá ní ká máa kó gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ chiropractor, ẹni tó ń fi ọwọ́ to ọ̀pá ẹ̀yìn, lóṣooṣù, pé ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá tò dáadáa kì í fara pa. Owó náà kò kéré. Ṣé ká ní káwọn òbí dá a? (Kóòṣì, Sùúrùlérè)

ÌDÁHÙN: Kóòṣì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má tíì dá owó kankan.

Chiropractor kì í ṣe oníjìbìtì o. Iṣẹ́ tí D. D. Palmer dá sílẹ̀ ní Davenport, ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1895 ni. Yóò fi ìka tọ oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le, yóò tì í dé ibi tó lè dé, yóò wá tẹ̀ ẹ́ lójijì, díẹ̀ báyìí. Ẹ óò gbọ́ “kọ́!” Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló dún yẹn. Kì í ṣe pé eegun kan yẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá padà sáyè rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ti ṣì. Ẹni tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn lè rí ìtura níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pé kó dáàbò bo ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ọsirélíà láàárín agbábọ́ọ̀lù tí wọn kò tó 70, àbájáde rẹ̀ dára díẹ̀, àmọ́ kò tó ohun tí ẹ lè torí rẹ̀ gbowó lọ́wọ́ òbí.

Ẹ wo bí iṣan yẹn ṣe ń já. Bí ọmọ bá ń sáré àsápajúdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á jù síwájú. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó kanlẹ̀, iṣan ẹ̀yìn itan ló ń ṣe bíréèkì fún ẹsẹ̀ yẹn, ó sì ń ṣe é lásìkò tó ń nà lọ́wọ́. Bí kò bá lágbára nígbà tó nà, tàbí tó ti rẹ̀ ẹ́, á já. Kò sí ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni máa gbé lé ẹ̀yìn tó lè fún un ní agbára yẹn.

Ohun tó ń fún un ní agbára nìyí. Kí ọmọ kúnlẹ̀ lórí fóòmù, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Kí ara rẹ̀ nà gbọnrangandan láti orúnkún dé orí, kó wá máa rọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, kó fi ẹ̀yìn itan dá ara rẹ̀ dúró títí kò fi ní lè ṣe é mọ́. Ìgbà náà ni kó fi ọwọ́ méjèèjì gba ilẹ̀, kó ti ara rẹ̀ padà sókè. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀ẹ̀kan péré: ìgbà 5, kó sinmi, ìgbà 5 sí i. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ méjì, ìgbà 6 lọ́nà méjì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà 6 sí 8 lọ́nà mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọjọ́ mẹ́ta náà ni, ìgbà 8 sí 10 lọ́nà mẹ́ta.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìbàdí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń ká ìbàdí, wọ́n á tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Iṣẹ́ ti kúrò lára iṣan nìyẹn. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ máa wo ibẹ̀. Itan yóò ro wọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje. Àwọn mẹ́ta tó ti fara pa ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí iṣan tó ti já rí ló rọrùn jù láti tún já. Kí physio rí wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ èyí.

Ẹ wá fi FIFA 11+ kún un: eré ìmúragbóná 15, ìṣẹ́jú 20, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Eré ìkúnlẹ̀ tí a ṣàlàyé lókè yìí wà nínú rẹ̀. Èkó gan-an ni wọ́n ti dán an wò láàárín 416 ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 sí 19. Ìpalára dín ní ìdá 41 nínú 100 ní ẹgbẹ́ tó ń ṣe é. Àbájáde náà jáde lọ́dún 2014.

ÌBÉÈRÈ: Eré Marathon ni mò ń sá ní London. Nítorí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tó ń dùn mí ni mo ṣe lọ bá chiropractor, ó wá ní òun fẹ́ yí mi lọ́rùn pẹ̀lú, àti pé kí n san owó ìgbà 24 sílẹ̀.

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ kọ méjèèjì. Bí wọ́n bá yí ọrùn lójijì, ó lè ya iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ọrùn lọ sínú ọpọlọ, kó sì fa rọpárọsẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìdí kankan tí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn fi gbọ́dọ̀ gba irú ewu bẹ́ẹ̀ sọ́rùn. Òfin ọdún 1994 ló fi dandan lé e pé kí gbogbo chiropractor ní Britain forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ General Chiropractic Council. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì wọn. Ẹ lọ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ san án bí ẹ ṣe ń lọ, bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ dúró. Ẹ yẹ máìlì tí ẹ ń sá lọ́sẹ̀ wò pẹ̀lú, bóyá ẹ ti fò ó sókè lójijì. Bí abẹ́ yín bá kú tipiri tàbí ìtọ̀ kò bá jáde, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ lọ́jọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Ọrùn ẹsẹ̀ mi rọ́ lórí pápá lánàá. Ṣé kí wọ́n fà á?

ÌDÁHÙN: Kí ẹnikẹ́ni má fà á. Bí ẹ kò bá lè rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí kókósẹ̀ ń dùn yín nígbà tí ẹ bá tẹ eegun rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ lọ ya X-ray. Bí eegun kò bá ṣẹ́, nígbà tí ìrora bá rọlẹ̀, ẹ máa fi ẹsẹ̀ náà nìkan dúró fún 30 ìṣẹ́jú àáyá lójoojúmọ́ nígbà tí ẹ bá ń fọ eyín. Tó bá ti rọrùn, ẹ di ojú.