Ta Ló Jàre Nínú Fíìmù Yẹn? Ìdáhùn sí Ìyàwó Ìpẹrù

Lẹ́tà yìí wá láti Ìpẹrù Rẹ́mọ. A gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọkọ mi ni ọmọ ìlú yìí. Ọdún kẹta rèé tí a kó kúrò ní Èkó wá sílé bàbá wọn. Iṣẹ́ mi ṣì wà ní Èkó, aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde. Àwọn ló ń mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, tí wọ́n ń lọ mú wọn wálé, wọ́n tún ń ṣòwò obì. Nígbà Iléyá, àbúrò wọn gbé fíìmù Anatomy of a Fall wá, gbogbo ilé jọ wò ó. Ọkọ mi ní Sandra, obìnrin tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ nínú fíìmù náà torí pé ọkọ rẹ̀ já bọ́ látòkè ilé wọn tó sì kú, ló pa á. Mo ní kò pa á. Ó di ariwo. Màmá wọn náà dá sí i, wọ́n ní obìnrin tójú ẹ̀ le báyẹn níwájú adájọ́, kí ni kò lè ṣe? Láti ọjọ́ náà, ‘ẹ káàárọ̀’ nìkan ló kù láàárín wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i nínú fóònù ọkọ mi pé wọ́n ti ń gba ohùn wa sílẹ̀ tí a bá ń jà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre? Ṣé ó pa á àbí kò pa á?”

Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó jàre, torí Justine Triet tó darí fíìmù yẹn, tí òun àti Arthur Harari jọ kọ ọ́, kò jẹ́ ká rí bí ọkùnrin náà ṣe já bọ́. Ọmọ wọn bá ajá rẹ̀ rìn jáde. Nígbà tó máa fi padà, bàbá rẹ̀ ti na gbalaja sínú yìnyín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì kò sí níbì kankan nínú fíìmù náà. Wọn ò gbàgbé ẹ o. Iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes lọ́dún 2023, tó tún gba Oscar ìtàn kíkọ lọ́dún 2024, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ihò yẹn sílẹ̀ ni.

Wo ẹ̀rí tí wọ́n kó wá. Ẹni tí agbẹjọ́rò ìjọba pè ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ta sára àtíbàbà onípákó tó wà nísàlẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti fi nǹkan lu ọkùnrin náà lórí kó tó já bọ́. Ẹni tí agbẹjọ́rò Sandra pè ní rárá, ó ń já bọ́ ni orí rẹ̀ gbá etí àtíbàbà náà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà làwọn méjèèjì ń kà. Wọn ò sì rí ohun tí wọ́n ní wọ́n fi lù ú. Lóòótọ́, Sandra parọ́ nípa àpá dúdú tó wà lápá rẹ̀: ó kọ́kọ́ ní òun fi gbá nǹkan nílé ìdáná ni, ó padà ní ọkọ òun ló dì í mú. Lóòótọ́, ó ti yàn àlè rí. Nǹkan wọ̀nyí ló ń bí àwọn òǹwòran nínú, òun náà ló bí Màmá nínú. Ṣùgbọ́n èèyàn lè purọ́ kó sì yàn àlè, kó má ti ẹnikẹ́ni lójú fèrèsé.

Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí ni, Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 135, sọ pé ẹ̀sùn ọ̀daràn gbọ́dọ̀ dájú kọjá iyèméjì. Abala 209 ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò ní búra, ẹ̀rí tó bá sì jẹ́ fún ìjọba, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn kí wọ́n tó lè fi dá èèyàn lẹ́bi. Daniel, ọmọ wọn, jẹ́ ọmọ ọdún 11. Òun ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ní bàbá òun sọ fún òun nínú ọkọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ajá náà á kú, kí òun múra sílẹ̀; ó ní òun wá rí i pé ikú ara rẹ̀ ni bàbá ń sọ. Tí o bá tún wò ó, fojú sí ẹnu bàbá náà: ẹnu bàbá ló ń mì, ohùn ọmọ là ń gbọ́. Ìrántí ọmọ ni wọ́n fi hàn wá, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn rí. Obìnrin tí ilé ẹjọ́ fi ṣọ́ ọmọ náà ti sọ fún un ṣáájú pé, nígbà tí a kò bá lè mọ̀, àwa fúnra wa la máa pinnu. Ọmọ náà pinnu. Ọkọ rẹ náà pinnu lórí àga ní pálọ̀, ìwọ náà sì pinnu.

Ohun tí ẹ fi pinnu ló ká mi lára nínú lẹ́tà rẹ. Nínú ìjà tí Samuel, ọkọ Sandra, gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ẹjọ́ àkókò ló ń rò. Òun ló ń kọ́ ọmọ nílé, òun ló ń tún ilé ṣe, kò ráyè kọ ìwé tirẹ̀. Sandra ní kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ìlú ọkọ ni wọ́n ń gbé, ọmọ Jámánì ni ìyàwó, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìwọ ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n ń sọ Rẹ́mọ gba orí rẹ kọjá nílé ọkọ, ta ni ìwọ ìbá gbè? Ọkọ rẹ náà, ní aago méje àárọ̀ tí àwọn oníbàárà obì ti dé Sábó Ṣàgámù, ẹnu géètì ilé ìwé ló wà. Kó tó débẹ̀, wọ́n ti ra ti ẹlòmíràn. Ó rí ọkùnrin kan tó ń sọ ohun tí òun ò tíì rí ẹnu sọ, ó sì gbọ́ tí aya rẹ̀ ní obìnrin yẹn ló jàre.

Nítorí náà, fi ẹjọ́ Sandra sílẹ̀. Wá ọ̀sán Sunday kan tí Màmá kò sí nílé. Má ṣe é lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, torí ẹni tó ti wà nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ fún wákàtí mẹ́ta kò lè gbọ́ ẹ̀dùn ẹnikẹ́ni. Kí kálukú mú ìwé tirẹ̀, kó kọ bí ó ṣe lo ọjọ́ méje tó kọjá, wákàtí sí wákàtí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àná, kí ẹ máa padà sẹ́yìn. Tí ẹ bá kọ “ohun tí mo máa ń ṣe”, irọ́ á wọ̀ ọ́. Wíwẹ̀ fún ọmọ, ìrìn àjò, iṣẹ́ àṣetiléwá, ọbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kó wọlé. Ẹ má ro ó pọ̀ láti mọ ẹni tó ń jìyà jù. Kí kálukú tọ́ka sí wákàtí kan tó fẹ́ gbà padà. Ó lè jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà méjì lọ́sẹ̀, kí ẹ san owó bọ́ọ̀sì ilé ìwé fún ọjọ́ náà. Gbólóhùn tó máa bà á jẹ́ ni “ṣebí ìwọ lo ní ká wá síbí.” Má sọ ọ́, kódà tó bá jẹ́ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló le jù. Ẹ jọ wo ibi ìjà yẹn nìkan. Ẹ máa rí tọkọtaya náà nílé ìdáná; bí ọwọ́ ṣe fẹ́ kan ara ni àwòrán padà sí ilé ẹjọ́, ó ku ìró: gíláàsì fọ́, ìgbájú, ìró lílù. Ẹ dá a dúró níbẹ̀. Kí kálukú sọ ẹni tó rò pé ó ń nani àti ẹni tí wọ́n ń nà. Sandra ní òun gbá a létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ òun ló lu ara rẹ̀ nínú ìyókù. Bí ohun tí ìwọ àti ọkọ rẹ gbọ́ kò bá bára mu, ẹ ti rí ohun tí ẹni kẹta máa gbọ́ nínú tiyín.

Lẹ́yìn náà, bi í ní ohùn tútù: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe, ta ló ti gbọ́ ọ? Tó bá rò pé òun á fi gbèjà ara rẹ̀ nílé ẹjọ́, abala 84 òfin kan náà ní ìlànà tí ohun tó bá ti inú fóònù wá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé kí adájọ́ tó gbà á. Tó bá gbà láti pa á rẹ́, ẹ jọ pa á, títí dé inú àpò ìdọ̀tí fóònù àti èyí tó bá ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti ń kan ara yín nínú ilé yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohunkóhun rẹ́. Pe àgbàlagbà kan nínú ẹbí tìrẹ wá kíákíá, kí o sì tún kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ náà.

Ní ti Màmá, bí wọ́n bá tún bèèrè bóyá ó pa á, kúnlẹ̀, kí o ní ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀, Mà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí.