Ẹ má torí aago tó ń bọ̀ jáwọ́ nínú gígún ìka

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston sọ pé aago Apple tuntun tó máa jáde lóṣù kẹsàn-án yóò máa wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún ìka, wọ́n sì ti ń tọ́jú owó láti rà á fún màmá wa. Ọmọ ọdún 67 ni màmá, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ; wọ́n ń lo oògùn Daonil láàárọ̀, wọ́n sì ń gba ínsúlìn lálẹ́. Ní báyìí ná, ẹnì kan ti ta aago kan fún wọn ní ₦18,000, ó ní ó ń wọn ṣúgà. 5.6 tàbí 5.7 ló máa ń gbé jáde láràárọ̀, nítorí náà wọn ò ra strip tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ìka sínú ẹ̀rọ mọ́. Ṣé ká máa lo èyí lọ títí ti Apple yóò fi dé? Kí ni ká sì máa retí lára tuntun yẹn?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi bọ́ aago ₦18,000 yẹn kúrò lọ́wọ́ màmá kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì ra strip lónìí. Ẹni tó ń lo Daonil, tó tún ń gba ínsúlìn, kò gbọdọ̀ wà láìní ohun tí yóò fi mọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gan-an.

Ẹ má bínú pé mo fi ìkanra bẹ̀rẹ̀. Irú ìbéèrè yìí ń wọlé lemọ́lemọ́, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn òbí wọn, tí wọ́n sì ń fi owó gidi ra ewu fún wọn.

Òótọ́ ni pé oṣù kẹsàn-án ni Apple sábà máa ń gbé aago tuntun jáde. Òótọ́ sì ni pé láti ọdún 2017, ó kéré tán, ni àwọn oníròyìn ti ń sọ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí wíwọn ṣúgà láìgún awọ. Ṣùgbọ́n pé ẹnì kan ń ṣèwádìí kò túmọ̀ sí pé ọjà ti dé. Apple fúnra rẹ̀ kò tíì kéde pé aago òun ń wọn ṣúgà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà níbi tí ẹ̀gbọ́n yín wà, kìlọ̀ fún aráàlú pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí smartwatch tàbí òrùka kankan pé kó máa wọn ṣúgà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kò sí ilé iṣẹ́ tí ìkìlọ̀ náà yọ sílẹ̀.

Mo rò pé àwòrán ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ ó rí aago nínú ìpolówó tó kọ 112 gàdàgbà, ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà gidi ni, àmọ́ kì í ṣe aago ló wọ̀n ọ́n. Ẹni tó wọ aago náà lẹ ohun roboto kan mọ́ ẹ̀yìn apá, lókè ìgúnpá, níbi tí aṣọ bò. Dexcom àti FreeStyle Libre ni a mọ̀ jù nínú wọn. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó gún awọ wọlé, òun ló ń wọn ṣúgà nínú omi tó yí àwọn sẹ́ẹ̀lì ká, tí yóò wá fi Bluetooth ránṣẹ́. Láti 2024 ni Dexcom G7 ti lè fi iṣẹ́ jẹ́ aago Apple tààrà láìgba inú fóònù kọjá. Ohun tí wọ́n bá rán sí aago ló ń kà fún yín. Ẹ yọ ohun tó wà ní apá kúrò, kò sí nọ́ńbà mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìdí tí aago fi ń kùnà nídìí ṣúgà. Ẹ yí ẹ̀yìn smartwatch padà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, iná aláwọ̀ ewé ni ẹ ó rí. Ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń gba iná ewé mu. Bí ọkàn bá ṣe ń lù, ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀, ó ń dínkù lábẹ́ awọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà sínú aago náà ń dínkù, ó ń pọ̀. Báyìí ni aago ṣe ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣúgà ńkọ́? Ṣúgà kò ní àwọ̀. Ẹ po ṣíbí kan sínú ife omi, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ wò ó bóyá omi náà yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí iná ewé fẹ́ rí níbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣèwádìí gidi kì í lo iná yẹn fún ṣúgà. Infrared ni wọ́n ń lò, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, síbẹ̀ ó ń fún wọn ní wàhálà. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 100 mg/dl (mílígíráàmù nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀), bí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ bá jẹ́ lítà 5, gíráàmù 5 ṣúgà péré ló wà nínú rẹ̀. Ṣíbí tíì kan nìyẹn. Omi, ọ̀rá àti purotéènì tó yí i ká pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, gbogbo wọn ló sì ń gba ìmọ́lẹ̀ kan náà mu. Ohùn ọmọdé kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá nínú ariwo ọjà Bódìjà. Bí ọwọ́ bá tún làágùn, tàbí tí òtútù mú un, tàbí tí okùn aago dẹ̀ díẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ ń rí tún ti yí padà.

Wọ́n ti ń gbìyànjú tipẹ́. Ní 2001, FDA fọwọ́ sí GlucoWatch ti ilé iṣẹ́ Cygnus, aago tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ fa omi ara jáde láti inú awọ. Awọ àwọn tó lò ó ń pọ́n, ó ń yún wọn, wọ́n sì tún ní láti máa gún ìka, nítorí FDA kò gbà kó rọ́pò gígún ìka. Kò pé ọdún mẹ́wàá tó fi kúrò lọ́jà. Ní 2014, Google kéde lẹ́ǹsì tí wọ́n fẹ́ máa fi sójú láti wọn ṣúgà inú omijé. Ní 2018, Verily, ilé iṣẹ́ tó jáde láti ara Google tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, dá a dúró, torí ṣúgà inú omijé kò bá ti inú ẹ̀jẹ̀ rìn déédéé. Ilé iṣẹ́ tí owó kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn o. Ẹ wá rò ó, ṣé aago ₦18,000 ló ti wá rí ọgbọ́n rẹ̀?

Bàbá kan wọ irú aago yẹn wá sí klíníìkì wa. Ó ń kọ 5.8, inú bàbá sì ń dùn. Nọ́ọ̀sì gún ìka wọn: 387. Ẹ̀rọ tiwa ń ka mg/dl, aago wọn ń ka mmol/l, òṣùwọ̀n kejì tí wọ́n fi ń ka ṣúgà, ìyẹn ni pé nǹkan bíi 104 ni aago ń pè ní ohun tó jẹ́ 387. Mo bọ́ aago náà, mo dè é mọ́ tíṣù tó wà lórí tábìlì. Iná ewé tàn, ó ń ṣẹ́jú, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó kọ 5.7. Bàbá wo tíṣù, wọ́n wo ojú mi, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a ṣí áàpù rẹ̀ lórí fóònù wọn, ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara ni wọ́n ti bi wọ́n níbẹ̀, àti wákàtí tí wọ́n ń jẹun. Nọ́ńbà tó jọ ti ẹni tí ara rẹ̀ yá ni wọ́n ń fi dá wọn lóhùn.

Fún màmá yín, ọ̀nà méjì ni ewu náà gbà wá. Ṣúgà lè ga fún oṣù púpọ̀, kó máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́, kí aago máa kọ 5.6. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ó lè wálẹ̀. Glibenclamide ni oògùn tó wà nínú Daonil. Ó máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà, ó sì lè fa ṣúgà sílẹ̀ lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, pàápàá tí ínsúlìn bá tún wà níbẹ̀. Ẹ bi dókítà wọn léèrè bóyá oògùn yẹn ṣì yẹ wọ́n ní ọjọ́ orí wọn. Mi ò tíì rí màmá, mi ò lè yí oògùn wọn padà láti ibí, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ mg/dl àti mmol/l yẹn ṣe pàtàkì, torí àwọn ẹ̀rọ tó ń ti ìlú òyìnbó wá ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Tí ẹ bá sọ mmol/l di ìlọ́po 18, mg/dl ni yóò fún yín.

Ní ti ohun tí ẹ lè retí lára aago tuntun, mi ò lè sọ ohun tí ilé iṣẹ́ kò tíì kéde. Ohun tó ti wà lára àwọn tó jáde ṣáájú ni mo lè sọ. Láti 2018 ni aago Apple ti lè ṣe ECG, tó lè fi hàn pé ọkàn ń lù ségesège. Kò lè mọ̀ bí ọkàn bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ó lè mọ̀ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣubú, mo fẹ́ràn ìyẹn fún àgbàlagbà tó ń dá gbé. Ní 2025 wọ́n fi ìkìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, ṣùgbọ́n kò ní kọ 150/90 fún yín: ó ń wo ọjọ́ 30, ó wá ń sọ pé ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ń ru. Kò wà fún ẹni tí wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ẹ̀gbọ́n yín tó náwó, ẹ bi wọ́n: ṣé iPhone wà nínú ẹbí tí wọn yóò so ó mọ́? Ṣé màmá yóò lè máa fi sí ṣáájì ní gbogbo ìgbà pẹ̀lú bí iná wa ṣe rí?

Ohun tí èmi yóò ní kí wọ́n fi owó yẹn rà ni ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà tó ní nọ́ńbà NAFDAC, strip tó bá ẹ̀rọ náà mu tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tó pọ̀ tó láti lò fún oṣù púpọ̀, àti owó àyẹ̀wò HbA1c ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Tí owó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n bá dókítà màmá sọ̀rọ̀ lórí èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ apá. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan: bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀kan ń lò kó tó di pé ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí màmá tó jẹun, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ. Oje ọsàn tàbí ṣúgà tó bá kù lórí ìka lè mú kí nọ́ńbà ga. Ẹ̀gbẹ́ orí ìka ni kí wọ́n gún, kì í ṣe àárín. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Tí kò bá tó 70 mg/dl, ẹ po hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sómi fún wọn, ẹ tún ìka gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì pe dókítà wọn lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá dákú, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ. Tó bá ju 300 mg/dl lọ, tí wọ́n tún ń bì tàbí tí ó ń rẹ̀ wọ́n gan-an, ẹ má dúró dìgbà tí ọjọ́ àdéhùn yóò fi pé. Ẹ gbé wọn lọ láàárọ̀ yẹn, kí ẹ mú gbogbo oògùn wọn dání.