Dáṣíbọ́ọ̀dù sọ pé Ọ̀bà-Ilé ti gbéra, ṣé kí n lọ gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o ma. Iṣẹ́ irun àti mékọ́ọ̀pù ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìjọ̀kà ṣùgbọ́n ilé kọ́sítọ́mà ni mo máa ń lọ jù. Ọmọkùnrin kan bá mi ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí èèyàn lè fi búùkù mi, ó wá fi dáṣíbọ́ọ̀dù sí i, ìyẹn ojú ìwé tó ń fi iye nǹkan hàn, apá kan ẹ̀ ń ka fọ́ọ̀mù búkìn, apá kejì ó ní Google Analytics ni, tó ń ka àwọn tó ń wo sáìtì. Ti Google yẹn sọ pé Èkó ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wo sáìtì mi wà, bẹ́ẹ̀ mi ò lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó rí. Apá tó ń ka búkìn wá sọ pé Ọ̀bà-Ilé ti fi 100% lọ sókè, ó kúrò ní 3 lóṣù kìíní, ó di 6 lóṣù kejì, Ìjàpọ̀ kàn kúrò ní 21 bọ́ sí 23. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀bà-Ilé, lánlọ́ọ̀dù ní kí n san ọdún méjì. Inú mi dùn sí ẹ́ríà yẹn ma, torí lóṣù kejì yẹn náà mo ṣe ìyàwó kan níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì sanwó dáadáa. Ṣé kí n gbà á?

Onírun Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, jọ̀ọ́ má tíì san owó yẹn. Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn ti wà nínú ẹ̀. Búkìn 6 tó o rí ní Ọ̀bà-Ilé lóṣù kejì, ìyàwó yẹn àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta ló ni 4 nínú ẹ̀, ọjọ́ kan, ilé kan, ìnáwó kan. Ó ku 2. Tá a bá ka ìnáwó yẹn sí ẹyọ kan, 3 náà ló jẹ́, bó ṣe wà lóṣù kìíní gẹ́lẹ́. Orúkọ mẹ́rin ni ẹ̀rọ rí, ó kà á ní mẹ́rin, kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀ pé aṣọ ẹbí kan náà ni wọ́n wọ̀. Ẹni tó ní ewúrẹ́ kan, tí ewúrẹ́ ẹ̀ wá bí ọmọ kan, ẹran ẹ̀ ti fi 100% lé sí i nìyẹn, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ méjì náà ló wà lọ́gbà. Torí náà nígbàkígbà tó o bá rí ìdá ọgọ́rùn-ún, kọ́kọ́ wo iye tó wà lábẹ́ ẹ̀, tí ò bá tó ogún, ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó o ka orúkọ wọn, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ti Èkó yẹn, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́. Google Analytics ò mọ ilé ẹnikẹ́ni o, nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fún fóònù yẹn, tí wọ́n ń pè ní IP, ló fi ń fojú bu ibi tí èèyàn wà, nọ́ńbà yẹn sì sábà máa ń tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Èkó ni púpọ̀ nínú àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá fún wa ti gúnlẹ̀, MainOne ní 2010, Equiano ti Google ní 2022, ibẹ̀ náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó ẹ̀rọ ńláńlá wọn sí. Kọ́sítọ́mà ẹ lè jókòó sí Òkè-Àrò kó máa fi dátà wo àwòrán irun, kí Google sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Èkó ló wà. Ẹlòmíì náà wà ní Ìlú Ọba lóòótọ́, tó ń búùkù fún ìyá ẹ̀ tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí n'Ákùúrẹ́. Nǹkan míì tún wà tó máa ń da àwa ará ibí láàmú: Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 àti ìlú Oǹdó, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, tó o bá rí "Ondo" lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wo òkè ibẹ̀ dáadáa bóyá "region" (ìpínlẹ̀) ló kọ tàbí "city" (ìlú), torí mo ti rí ẹni tó fẹ́ lọ lẹ pósítà káàkiri ìlú Oǹdó nítorí iye gbogbo ìpínlẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ẹ gan-an ló yẹ kó o gbára lé tó bá dọ̀rọ̀ ẹ́ríà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí jù. Tó bá jẹ́ pé àwọn kọ́sítọ́mà ló ń fọwọ́ ara wọn tẹ ẹ́ríà síbẹ̀, ẹnì kan á kọ "Oba Ile", ẹnì kejì "Obaile", ẹnì kẹta á kọ "Airport Road", ẹ̀rọ á kà á sí ibi mẹ́ta. Ní kí ọmọkùnrin yẹn ṣe é kí wọ́n máa yàn nínú orúkọ tó o ti tò sílẹ̀. Kó sì fi ìbéèrè méjì síbẹ̀ o, kì í ṣe ẹyọ kan: ibo lò ń gbé, ibo ni iṣẹ́ ti fẹ́ wáyé?

Mo mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ méjì yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń se oúnjẹ òde ní ìlú Oǹdó, ìwé ẹ̀ kún fún ìnáwó tó ṣe nínú ìlú Oǹdó, a rò pé ibẹ̀ ni kọ́sítọ́mà ẹ̀ wà. Ọjọ́ kan la jókòó tì í, a ń pe nọ́ńbà wọn lẹ́yọ lẹ́yọ, ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká, tó ń gbé n'Ákùúrẹ́, ló pọ̀ jù, wọ́n kàn wá sin òkú bàbá wọn sílé ni. Ilé ni ìnáwó ti wáyé, Àkúrẹ́ lowó ti wá. Tiẹ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ló máa sọ owó ọkọ̀ tó yẹ kó o bù lé e, ibi tí wọ́n ń gbé ló máa sọ bóyá ṣọ́ọ̀bù lè jẹun níbẹ̀, torí ìyàwó yẹn lè ti kó lọ sí ilé ọkọ báyìí.

Búkìn kì í ṣe owó o. Yọ èyí tí wọ́n fagi lé àti èyí tó o dé ẹnu géètì tí wọn ò gbé fóònù kúrò lára ẹ̀. Lágbègbè FUTA, búkìn lè pọ̀ bí omi òjò tí ilé-ìwé bá wọlé, láti 1981 tí yunifásítì yẹn ti wà ni ẹni tó ń tajà ní South Gate ti mọ̀ pé tí àwọn ọmọ bá lọ sílé, ọjà dá nìyẹn. Torí ẹ̀ ni o ò ṣe gbọ́dọ̀ fi oṣù kan wé èyí tó tẹ̀ lé e kó o sì gbà pé o ti mọ̀, oṣù Disẹ́ńbà yìí, Disẹ́ńbà èṣí ni kó o fi wé. Tó o bá sì fẹ́ máa tú dátà wò nínú Explore ti Google Analytics, tètè wọ Admin kó o yí data retention, ìyẹn iye oṣù tó fi ń tọ́jú dátà, kúrò ní oṣù 2 sí oṣù 14, torí oṣù 2 ló máa ń wà tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i, èyí tó bá ti pa rẹ́ ò ní padà wá.

Sọ fún lánlọ́ọ̀dù pé kó ní sùúrù. Wá onírun kan ní Ọ̀bà-Ilé tí àga ẹ̀ máa ń ṣófo, kó o bá a háyà àga kan ní Thursday àti Friday fún oṣù mẹ́ta, kó o máa kọ ẹni tó wọlé sílẹ̀ àti àdúgbò tó ti wá. Tó o bá ti rí mẹ́wàá tí kì í ṣe ará ìnáwó kan náà, tí wọ́n sì padà wá lẹ́ẹ̀kejì, kọ lẹ́tà sí mi, ká jọ ṣírò owó ọdún méjì yẹn.