"A ta ká ọ lára": kí ni òwe aláǹtakùn ń sọ gan-an?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí, láti ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù níbí bíi tèmi: "Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá mi máa ń pa òwe kan pé, 'Aláǹtakùn, bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára.' Ọkọ mi ní ẹlẹ́tàn ni òwe náà ń bá wí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ náà ń bi mí pé ṣé Yorùbá ni Anansi, àti pé níbo ni àwọn ọmọ aláǹtakùn ẹ̀yìnkùlé wa ń lọ. Ó rí wọn lánàá, wọ́n pọ̀ lọ súà. Nígbà tó máa fi jí láàárọ̀ yìí, kò rí ìkankan mọ́."

Àbúrò mi, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Anansi kúrò nílẹ̀, torí kò gùn. Anansi kì í ṣe ti wa. Àwọn Akan ní Gánà ló ni ín, ananse ni wọ́n ń pe aláǹtakùn ní èdè wọn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ibẹ̀ ló gbé àlọ́ rẹ̀ dé Jàmáíkà, àwọn ará Jàmáíkà sì gbé e dé Ìlú Ọba, ni àwọn ọmọ wa fi ń gbọ́ ọ nílé ìwé. Àwọn Hausa ní tiwọn, Gizo lorúkọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìjàpá ló wà nípò yẹn. Mo ń sọ èyí nítorí pé bí èèyàn bá gbé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ Anansi wọ inú òwe wa, yóò rò pé ẹlẹ́tàn ni aláǹtakùn lójú àwọn baba wa. Òwe náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un kà.

"Bí yóò bá ọ jà." Ìjà ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní ẹ̀tàn. "A ta ká ọ lára." Wọn ò ní ó dẹ àwọ̀n sójú ọ̀nà dè ọ́. Ara rẹ gan-an ni wọ́n ní ó ta okùn yí ká. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń túmọ̀ òwe yìí, pańpẹ́ ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bá, ẹni tó dẹkùn sílẹ̀ de ọmọnìkejì rẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí aláǹtakùn kan fi wá bá mi gbé ní ẹ̀yìnkùlé.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ahunṣọ sì ni bàbá mi. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni "ta" jẹ́ nílé wa. Kí ahunṣọ tó hun aṣọ òkè, ó ní láti kọ́kọ́ ta òwú, kó fà á láti èèkàn dé èèkàn, lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí iye fọ́nrán tí aṣọ náà máa gbà yóò fi pé. Títa ló ń ṣáájú híhun. Ẹ wá gbọ́ orúkọ aláǹtakùn fúnra rẹ̀: "ta" wà níbẹ̀, "okùn" wà níbẹ̀. (Kí n tó gbàgbé, "ìtàkùn ayélujára" kò bá aláǹtakùn tan o. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú tiwọn lára ilé aláǹtakùn, àwa mú tiwa lára ìtàkùn inú igbó, èyí tó ní kí erin má kọjá, tòun terin jọ lọ.)

Aláǹtakùn tí mò ń wí yìí, ààrin igi róòsì àti pákó tí a fi ṣọgbà ló ta tirẹ̀ sí. Ó pọ́n rúsúrúsú, àmì funfun tó dà bí àgbélébùú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Aláǹtakùn ọgbà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Araneus diadematus. Mo jí ní ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, mo tan iná ẹ̀yìnkùlé, mo bá a lẹ́nu iṣẹ́. Àwọ̀n àná ti lọ, ó ti jẹ ẹ́, torí inú ohun tó jẹ yẹn náà ni yóò ti rí okùn tuntun. Ó kọ́kọ́ ta àwọn okùn tó na tààrà láti àárín dé etí, bíi wáyà inú kẹ̀kẹ́. Ìwọ̀nyẹn kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan, orí wọn lòun fúnra rẹ̀ ń rìn. Ìgbà tí èyí pé ló tó wá hun okùn tó ń lẹ̀, láti etí bọ̀ wá sí àárín, yípo yípo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń wọn ọ̀kan sí èkejì. Ó ta, ó tó hun. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí mo dúró sí, mo rántí bàbá mi.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni òwe náà wà. Inú oṣù Kẹsàn-án ni mo tó rí i. Bí eṣinṣin bá kó sí àwọ̀n náà, aláǹtakùn a sáré dé ibẹ̀, a bù ú jẹ, ó parí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí, agbọ́n ló kó sí i. Agbọ́n yẹn ń jà, àwọ̀n ń mì. Aláǹtakùn jáde, ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò gbé ẹnu síbẹ̀. Ó yí ìdí sí i. Ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fa okùn jáde. Kì í ṣe fọ́nrán kan péré, ó fẹ̀ bí ọ̀já, ó funfun gbòò, ó ń jù ú lu agbọ́n náà, ó sì ń yí agbọ́n po lójú kan bí ẹni tó ń ká òwú. Ìyẹ́ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Oró ìdí rẹ̀ ń yọ síta, ó ń wọlé, kò rí ẹni ta. Agbọ́n fẹ́ ta á, aláǹtakùn ti ta ká a lára. Ìgbà tí nǹkan kan ò mira mọ́ ló tó wá bù ú jẹ, jẹ́jẹ́ báyìí.

Ìgbà yẹn ni òwe màmá mi tó yé mi. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti dúró níbi kan rí bí mo ṣe dúró yẹn, ó ti wo aláǹtakùn àti nǹkan olóró. Bóyá èyí onílà dúdú òun ìyeyè tó wà lóko wa nílé ló rí, èyí tó máa ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ ní méjì méjì láàárín àwọ̀n, torí ìyẹn gan-an fẹ́ràn àtita ká nǹkan kó tó bù ú jẹ. Aláǹtakùn mọ̀ pé agbọ́n lè pa òun. Nítorí náà, kò fi ara kò ó. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ sì ṣojú agbọ́n, kò sí ohun tó fi pamọ́ fún un. Ohun tí òwe náà ń wí, lójú tèmi, ni ọ̀tá tó ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni kó tó jà. Ọkọ yín ò ṣì í pátápátá, ẹ bá mi kí i, torí ẹlẹ́tàn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ náà lè ṣe é.

Ẹ wo ìgbà tí màmá mi pa á. Oníṣòwò kan ń kó ọjà àwìn fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kò bèèrè owó, ẹ̀rín ló máa ń rín. "Ẹ máa tà ná, ìyá oníṣọ́ọ̀bù." Oṣù kan, oṣù méjì, oṣù márùn-ún. Màmá wo ìwé gbèsè yẹn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Aláǹtakùn, bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, kò bá mi jà o." Màmá ní, "Ṣebí mo ti sọ." Nígbà tí oníṣòwò náà wá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn wu òun, ẹ̀gbọ́n mi ò rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó jẹ ní gbèsè tó tó bẹ́ẹ̀ fa ọ̀rọ̀?

Nítorí náà, ẹni tí okùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn lára ni wọ́n ń pa á fún, kó lè já a nígbà tó ṣì tín-ín-rín. Ẹni tí wọ́n ti dì tán, ẹ má pa á fún un, ẹ̀dùn ọkàn lásán ni yóò kó bá a. Bó bá sì jẹ́ àgbà lẹ fẹ́ pa á fún, "ọ" inú rẹ̀ kò dára létí. "A ta ká yín lára" ni kí ẹ wí, kí ẹ sì fi "tótó ó ṣe bí òwe" ṣáájú.

Ó ku ti ọmọ yín, èmi náà sì fẹ́ràn ìbéèrè rẹ̀ jù. Nígbà ìwọ́wé, ikùn aláǹtakùn mi ti tóbi bí ẹyọ ẹ̀wà. Akọ kan wá, ó kéré sí i dáadáa, ó ń fi ẹsẹ̀ ta okùn etí àwọ̀n pín-ín pín-ín kí wọ́n má baà fi í pe oúnjẹ. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, ìyá náà fi àwọ̀n sílẹ̀, ó lọ sábẹ́ igi fèrèsé, ó yé ẹyin síbẹ̀. Ẹyin aláǹtakùn yìí lè ju 300 lọ. Ó fi òwú bò wọ́n, àwọ̀ rẹ̀ bíi gàrí elépo. Kò jẹun mọ́. Ó dúró tì wọ́n, ó ń rù, títí òtútù oṣù Kọkànlá fi pa á síbẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ aláǹtakùn ń jẹ ìyá wọn. Irú tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà ní Ìlú Ọba níbí, dúdú kan tó ń gbé inú ihò ògiri, ṣùgbọ́n tiyín kọ́ yẹn. Ìyá tiyín kì í fojú rí ọmọ rẹ̀ rárá.

Yìnyín bọ́ lé ẹyin yẹn, òjò rọ̀ sí i. Ní oṣù Karùn-ún ni wọ́n pa. Wọ́n kó ara wọn jọ bí òṣùṣù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ara wọn pọ́n bí ìyeyè, àmì dúdú kan wà ní ìdí wọn. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn ló ń gbé wọn. Ọmọ náà a gun ṣóńṣó ewé, a gbé ìdí sókè, a ta okùn sínú afẹ́fẹ́, a sì bá okùn náà lọ. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Bristol fi hàn pé agbára iná mànàmáná tó wà nínú afẹ́fẹ́ pàápàá lè gbé aláǹtakùn kékeré sókè. Ní 1832, Charles Darwin wà nínú ọkọ̀ ojú omi Beagle, nǹkan bí 60 máìlì sí èbúté ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláǹtakùn kéékèèké wá bà sára okùn ọkọ̀ náà. Ẹ tún sọ fún un pé ní 1973 àwọn ará Amẹ́ríkà gbé méjì nínú irú tiyín yìí, Arabella àti Anita, lọ sí Skylab, ilé ìwádìí wọn tó ń yí ayé po lókè sánmà. Àwọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ ta níbẹ̀ rí wúruwùru, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ta.

Àwọn tiyín lè má tíì lọ tán. Ẹ mú un lọ wo abẹ́ ewé àti igun pákó tó sún mọ́ ibi tó ti rí wọn. Bí ẹ bá bá òṣùṣù kan, kó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i díẹ̀. Wọn yóò tú ká lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n da jéró sílẹ̀, kó má sì bẹ̀rù, kó má kúrò níbẹ̀. Kó ka ọgọ́rùn-ún méjì tàbí mẹ́ta, yóò rí wọn tí wọ́n ń gba orí okùn padà bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.