Má Fọwọ́ Kan Ọ̀gọ̀dọ̀ Yẹn Kí Ọdún Kan Tó Yí Po

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó dáhùn. O ní bàbá yín fi oko sílẹ̀ fún ọ lẹ́bàá Ìjerò, ọ̀gọ̀dọ̀ kan wà nísàlẹ̀ oko náà, òṣíbàtà àti koríko ti bò ó, ejò sì ń gbé ibẹ̀. O fẹ́ gba alágbàṣe kí wọ́n ṣán gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, kí wọ́n fín oògùn apakoríko sí èyí tí àdá kò bá tó, kí o wá da ọmọ ẹja sí i. O bèèrè pé oògùn wo ló dára jù. Kò sí èyí tó dára nínú wọn. Ohun tí o fẹ́ ṣe yìí gan-an ni mo ṣe ní 2013, ọdún 4 gbáko ni mo sì fi ń tún un ṣe.

Oko tiwa wà láàárín Ìgèdè sí Àrámọkọ, lẹ́sẹ̀ àpáta. Ìwọ náà mọ bí ilẹ̀ Èkìtì ṣe rí: òjò á rọ̀ sórí àpáta, omi á rọra wọ inú igbó, á sì máa sun jáde níbi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gọ̀dọ̀ wa wà. Kò tóbi, ìbú rẹ̀ kò ju 40 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ìyá bàbá mi pọn omi níbẹ̀ títí ẹ̀rọ fi dé abúlé. Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ aṣọ nínú rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí a gé ọ̀pẹ ògùrọ̀ tó yí i ká. Bí a bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, “Omi kì í wà níhòòhò.” Mo kà á sí ọ̀rọ̀ àgbà tí kò ní ìtumọ̀.

Nígbà tí bàbá mi papò dà, tí oko bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìdọ̀tí ni mo rí níbẹ̀. Mo gba alágbàṣe 5. Ọjọ́ 3 ni wọ́n fi ṣán etí omi, wọ́n gé ògùrọ̀, wọ́n fa òṣíbàtà tu, a sì fín oògùn sí ìyókù. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ojú omi mọ́ kedere. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn, inú mi ń dùn. Lọ́sẹ̀ kejì mo ra ọmọ epìà 300 àti ọmọ àrọ̀ 200, mo dà wọ́n sí i.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo dé oko ní nǹkan bí aago 6 àárọ̀. Gbogbo epìà ló wà lójú omi, wọ́n yọ ẹnu síta, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí oòrùn tó mú, ikùn wọn funfun ni mo ń rí káàkiri. Mo gbà pé ẹnì kan ló da májèlé sí omi mi, ó sì ku díẹ̀ kí n bá ẹni tí oko wa jọ pààlà wọ̀yá ìjà. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń sin ẹja tipẹ́ l'Ádó ló là mí lójú. Wọ́n bi mí pé, “Koríko tí o pa dà? Níbo lo kó o sí?” Mi ò kó o síbì kankan. Ó rì sísàlẹ̀ omi, ó ń jẹrà. Wọ́n ní ohun tó bá ń jẹrà nínú omi máa ń lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, pàápàá lóru, nígbà tí kò sí oòrùn tí ewé inú omi á fi pèsè òmíràn. Ìdájí ni afẹ́fẹ́ máa ń kéré jù, ìdájí ni ẹja sì máa ń kú. Àrọ̀ kò kú bíi ti epìà, torí ó ní ohun kan nínú orí tó fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ lójú omi, tó sì lè fara da ẹrẹ̀.

Má rò pé àrọ̀ tó ṣẹ́kù wá di èrè fún mi o. Wọ́n jẹ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n jẹ gbogbo kòkòrò inú omi, wọ́n jẹ àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ayé bàbá bàbá mi, nígbà tó yá wọ́n ń jẹ ara wọn. Òjò dé, kò sí gbòǹgbò tó di etí omi mú, ọ̀gbàrá sì gbé yẹ̀pẹ̀ pupa wọ inú rẹ̀. Ní Fẹ́búárì 2014, ọ̀gọ̀dọ̀ tí àgbà abúlé wa kankan kò rántí pé ó gbẹ rí, gbẹ. Mo dúró láàárín rẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti là bí àwo tó fọ́.

Ti ẹ̀fọn ló tún pọ̀ jù. Tẹ́lẹ̀, a lè sùn ní ahéré oko láìfi nǹkan bora. Lẹ́yìn tí mo tún ibẹ̀ ṣe, bí mo ṣe pè é nígbà náà, omi díẹ̀díẹ̀ tó dúró sínú ojú ẹsẹ̀ àti kòtò kún fún tanwíjí, kò sì sí ẹni tó lè jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ti lámilámi fún ọ, torí òun ló yí mi lọ́kàn padà. Láti kékeré ni a ti ń wò ó tó ń fi ìdí kan omi, tó ń gbéra, tó tún ń fi ìdí kan omi, a sì gbà pé omi ló ń lá bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí. Ẹyin ló ń yé. Inú omi ni ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin náà ti máa ń dàgbà. Ó dúdú, kò jọ ìyá rẹ̀ rárá, tanwíjí sì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ní 2016 mo fi ife bu ọ̀kan, mo da tanwíjí bíi 10 sínú ife náà, mo jókòó tì í. Ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó sùn. Ohun kan yọ fìrì lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tanwíjí kan ti lọ. Kí n tó jẹ iṣu sísun ọwọ́ mi tán, kò ku ẹyọ kan. Bó bá tó àkókò, á gun ọ̀pá koríko jáde kúrò nínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, lámilámi á bọ́ síta, á sì fi awọ òfìfo sílẹ̀ lára ọ̀pá náà. Lọ wo etí omi tìrẹ, wàá rí awọ yẹn. Koríko tí o fẹ́ ṣán ni àkàbà rẹ̀.

Ohun mìíràn tí mo fi àìmọ̀ bàjẹ́ ń dùn mí títí dòní. Lórí ẹ̀ka igi kan tó nà sórí omi, mo rí ohun funfun kan tó hó bí ọṣẹ, ó tó ìkúùkù ọmọdé. Mo ní kí wọ́n gé ẹ̀ka náà dànù, mo rò pé àrùn igi ni. Àṣé ilé ọmọ àkèré ni! Irú àkèré kan wà tó ń gbé orí igi. Obìnrin rẹ̀ máa ń po ìfóòfó yẹn sórí ẹ̀ka, á sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á tutù, kí oòrùn má baà pa ẹyin. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kan, ìfóòfó náà á rọ̀, àwọn ọmọ á wá máa já bọ́ sínú omi níkọ̀ọ̀kan, tó, tó, tó, bí òjò tó ń kán lára ewé lẹ́yìn tó ti dá. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà náà. Bí o bá gé igi etí omi, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n á máa já sí.

Bí mo ṣe tún un ṣe nìyí. Mo kọ́kọ́ dáwọ́ oògùn dúró pátápátá. Mo bẹ àwọn tó ní oko kòkó lókè wa pé kí wọ́n má ṣe fọ pọ́ǹpù oògùn kòkó nínú omi mọ́. Mo ra ike ńlá kan, mo gbé e sí ọ̀nà oko wọn, mo ń pọn omi sí i fún wọn. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bí o ṣe rò lọ. Ìgèdè tí mo dárúkọ yìí ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, kó tó di odò ńlá tó gba Òṣogbo kọjá lọ wọ ọ̀sà l'Ékòó, omi wẹ́wẹ́ bíi tiwa yìí ló sì ń bọ́ ọ. Ohun tí o bá fọ̀ sílẹ̀ ní oko rẹ, ẹnì kan ń bẹ nísàlẹ̀ tó ń mu ún.

Lẹ́yìn náà mo ka ìṣísẹ̀ 10 láti etí omi yí ká, mo sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún igbó. Mo gbin ògùrọ̀ padà, mo gbin kókò àti ewé eéran sábẹ́ rẹ̀ (ewé eéran yẹn, ìyàwó mi ń já a ta fún àwọn alẹ́kọ báyìí). Mo lọ hú òṣíbàtà tòun ti gbòǹgbò ní àbàtà kan, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Òṣíbàtà funfun yẹn, òru ló ń tanná, á sì padé kí oòrùn tó mú. Ẹni tí kì í tètè jí kò lè mọ bó ṣe lẹ́wà tó.

Àwọn àgbà máa ń wúre pé ojú oró ló ń lékè omi, òṣíbàtà ló ń lékè odò. Àdúrà gidi ni, mo sì ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré, má fi ojú kan náà wo àwọn méjèèjì. Òṣíbàtà ta gbòǹgbò sílẹ̀, kì í sáré. Ojú oró ń léfòó ni, ó sì lè bí sí i títí á fi bo ojú omi pátá, tí ìmọ́lẹ̀ kò ní wọlé mọ́. Òun ni kí o máa fọwọ́ kó, díẹ̀díẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí o bá kó o jáde, jẹ́ kó sun etí omi mọ́jú kí àwọn kòkòrò àti ìṣáwùrú tó wà lára rẹ̀ lè rá padà sínú omi, kí o tó kó o sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Jẹ́ kí òṣíbàtà gba bí ìdajì omi, kí ìyókù ṣí sílẹ̀.

Lámilámi ló kọ́kọ́ padà, lọ́dún àkọ́kọ́. Ní ọdún kejì, òjò ńlá kan rọ̀ lálẹ́, mo wà ní ahéré, kọ̀ǹkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Kó tó di aago 10 wọn kò ṣe é kà mọ́, mi ò sì lè sùn fún ayọ̀. Ẹ̀gà padà wá so ilé mọ́ imọ̀ ògùrọ̀ lókè omi, níbi tí ejò kò ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ aró yẹn, tó máa ń já ṣòòrò sínú omi láti gbé ẹja, òun náà padà wá. Ọdún kẹta ni mo rí ẹyẹ elésẹ̀ gígùn tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ewé kì í rì. Akọ rẹ̀ ló ń sàba lé ẹyin, tó sì ń tọ́ ọmọ. Kò sí òṣíbàtà, kò sí òun.

O sọ̀rọ̀ ejò. Òótọ́ ni, wọ́n wà, ọ̀pọ̀lọ́ àti eku ló ń gbé wọn wá síbẹ̀. Awọ́nríwọ́n náà á wà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo la ọ̀nà kan ṣoṣo dé etí omi, ó fẹ̀ tó apá méjì, mo ń ṣán an mọ́lẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ń gbà. Bàtà òjò lẹ́sẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ láti fi lu ilẹ̀. Láti 2013 títí di òní, ejò kò bu ẹnì kankan jẹ lóko wa.

Ohun tó yẹ kí o bẹ̀rù ju ejò lọ ni àtọ̀sí ajá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wẹ̀ nínú omi àbàtà kan nígbà ọlidé, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ó ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ara àwọn ìgbín omi kéékèèké ni aràn rẹ̀ ti ń jáde, ó sì ń gba awọ ara wọlé; ìtọ̀ ẹni tó ní in ló ń dá a padà sínú omi. Oògùn wà fún un nílé ìwòsàn, praziquantel ni wọ́n fún un, ara rẹ̀ sì yá. Nítorí náà, kí àwọn ọmọdé má wẹ̀ níbẹ̀, kí alágbàṣe kankan má sì tọ̀ sí i.

Ní ti ẹja, mi ò ní kí o má sin ín. Gbẹ́ ihò mìíràn sí àkùrọ̀ tó wà nísàlẹ̀, tàbí kí o mọ tánkì onísìmẹ́ńtì lẹ́bàá ilé, kí o sin àrọ̀ rẹ síbẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn, ó sì ń mú owó wọlé. Má jẹ́ kí omi inú tánkì yẹn ṣàn lọ sínú ọ̀gọ̀dọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ kò ní í pẹ́ dé. Bí o bá ti bá alágbàṣe sọ̀rọ̀, pè é lónìí, kí o dá a dúró, kódà bí o bá ti san àsansílẹ̀. Sọ fún un pé ọ̀nà ẹsẹ̀ kan péré ni o fẹ́ kó là. Kí o wá lọ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí oòrùn tó yọ, kí o sì wá sọ ohun tí o rí fún wa.